Ìmọ̀ Inú Ìwé, Ìmọ̀ Inú Orí: Ẹ̀kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Ọ̀mọ̀ràn Ìmàle



Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé awo dúró láàárín awo, ó ń dárúkọ àgbà Ìmàle. Ní Yemetu tí a wà yìí, ìpè àdúrà àti ìró agogo Ifá kò jìnnà síra. Òtúrá Méjì sì ti ń sọ̀rọ̀ wọn fún wa tipẹ́. Kódà, ilà ẹyọ kan àti ilà méjì tí àwọn alùfáà atẹyanrìn ń fà, ojú mẹ́rìndínlógún náà ni ó ń jẹ́, bí a ṣe ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn. Ibn Khaldun kọ nípa rẹ̀ ní 1377. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ òní.

Al-Ghazali, ará Tus ní ilẹ̀ Páṣíà, tí ó kú ní 1111, ni mo ń bọ̀ wá bá. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé nígbà èwe rẹ̀, bí ó ti ń ti ibi ẹ̀kọ́ bọ̀, àwọn dánàdánà kó ẹrù rẹ̀. Ó tẹ̀lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sáà dá ìwé ẹ̀kọ́ òun padà. Olórí wọn bú sẹ́rìn-ín, ó bi í pé irú ìmọ̀ wo ni ó ní, nígbà tí a gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó di òfìfo. Wọ́n dá a padà fún un. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí nígbà tí ó délé.

Lọ́dún tó kọjá, níbi àkọsẹ̀jayé ọmọ tuntun kan, odù hù, awo ọ̀dọ́ tó jókòó ti ọpọ́n fa fóònù yọ láti wá ẹsẹ̀ Ifá. Kò tíì kà á dé ìdajì tí bátìrì fi kú. Ìyá ọmọ ń wò wá. Àgbà kan ni ó gba ẹsẹ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì mí, nítorí ọmọ awo mi ni.

N kò kórìíra ìwé o. Bí kì í bá ṣe irú *Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá* tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbé jáde ní 1968, ẹsẹ̀ mìíràn ìbá ti bá àgbà wọlẹ̀ lọ. Ibn Rushd ará Córdoba, tí ó kú ní 1198, tí ó sì bá al-Ghazali jiyàn gidigidi, gba àwọn ènìyàn rẹ̀ níyànjú láti ka ìwé àwọn Gíríìkì tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. Ó ní bí ẹbọ bá ti pé, a kì í bèèrè ẹ̀sìn ẹni tó ni ohun èlò tí a fi rú u. Awo wo ni kò ní mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí?

Síbẹ̀, al-Ghazali kò dúró lórí àkọ́sórí. Ní 1095, nígbà tí òkìkí rẹ̀ kan ní Baghdad, ahọ́n rẹ̀ kọ̀, kò lè kọ́ni mọ́, ó fi ipò sílẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé mímọ ohun tí ìlera ń jẹ́ yàtọ̀ sí kí ara ẹni le. Àwa àgbà ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹni tó lè ki odù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún láìsinmi, tí ìyàwó àti aládùúgbò rẹ̀ kò rí ìwà lára rẹ̀, kí ni ó mọ̀?

Àbá mi sí ẹgbẹ́ ni pé kí ọmọ awo tó jókòó ti ọpọ́n ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ kifá níwájú àgbà mẹ́ta, kí fóònù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí àwọn àgbà náà sì bèèrè ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀. Ọmọ tí mo wí yẹn ti padà bẹ̀rẹ̀ láti Èjì Ogbè. Ìwòrì Méjì ni a bá a dé lánàá.