Iṣẹ́ Ilé Dára fún Ọmọ, Lọ́kùnrin Lóbìnrin

Iṣẹ́ tí a ń fún ọmọ ṣe nínú ilé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Àwọn kan ń sọ pé ọmọ tó bá ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kò yẹ kó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ ilé pàápàá. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹ ní kó máa ti adìẹ mọ́lé nírọ̀lẹ́. Adìẹ mẹ́sàn-án ló jáde láàárọ̀. Mẹ́jọ ló wọlé. Ọmọ náà yóò ké pé ọ̀kan kù. Ìṣirò nìyẹn. Ẹ rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọjà pẹ̀lú 500 sẹ́fà. Iyọ̀ jẹ́ 100, epo jẹ́ 250. Kó tó kúrò níwájú ọlọ́jà, ó ti mọ̀ pé 150 ni wọn yóò dá padà fún òun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ kò ní ṣe é dáadáa. Yóò fọ abọ́, ọbẹ̀ yóò ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì bú u. Ẹ tún fi hàn án. Bó bá ṣe é tán, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́. Ọmọ tí a kí báyìí, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i lọ́la.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ní ìwọ̀n. Líta omi kan jẹ́ kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì líta 20 jẹ́ kílò 20. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni kò ju kílò 25 lọ. Bí a bá gbé irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ lé e lórí, bí ẹni gbé ọmọ mìíràn lé e lórí ni. Korobá kékeré ni kó fi pọnmi. Oògùn tí a ń fín sí òwú ńkọ́? Kí ọmọ má sún mọ́ ọn rárá. Kó má fọ agolo rẹ̀, kó má sì fi pọnmi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ, títí dé Àjàṣẹ́, ọmọbìnrin ló ń pọnmi, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń fọ abọ́, òun náà ló ń pọn àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. Agogo ilé-ẹ̀kọ́ dún, ọmọbìnrin ṣì wà lẹ́nu kànga. Ó pẹ́ dé, olùkọ́ bá a wí. Nígbà tó bá di alẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò lè ka ìwé. Bí kò bá yege, bàbá á ní orí rẹ̀ kò gba ìwé, á sì mú un kúrò. Ṣé orí rẹ̀ ni, àbí omi? Òfin ńlá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ṣe ní 1990, sọ pé dandan ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé fún ọmọkùnrin nìkan.

Bàbá kan lè bi wá pé, "Ṣé ọmọkùnrin mi ni yóò máa fọ abọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ọjọ́ tó bá lọ kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu, tó ń dá gbé yàrá, ta ni yóò bá a se ọbẹ̀? Ọ̀dọ́ olóúnjẹ ni gbogbo owó rẹ̀ yóò máa tán sí.

Lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ̀wé sí ní ẹ̀kọ́ alẹ́. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ orúkọ náà, ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tó ṣe lónìí. Ẹ kà wọ́n. Bí ti ọmọbìnrin bá jẹ́ méje, tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ mẹ́ta, ẹ mú méjì kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ́la, kí ẹ fi wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yóò di márùn-ún sí márùn-ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi àárọ̀.