Ta Ni Ó Jù Nínú Àwọn Ọwọ́ Ẹ̀yìn?

Bí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù bá délẹ̀ ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, àwọn àgbà a ní kò sí ọwọ́ ẹ̀yìn bíi Christian Chukwu. Àwọn tí ó kéré sí wọn a ní Stephen Keshi ni. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí Chukwu ṣe balógun fún gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980. Góòlù 1 péré ni ó wọlé wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5. Ẹgbẹ́ tí Keshi ṣe balógun fún gbà á ní 1994. Góòlù 3 ni ó wọlé wọn nínú 5. Ṣé Chukwu ló borí nìyẹn? Rárá o. Èkó, níwájú àwọn ènìyàn wọn, ni ti 1980. Ilẹ̀ àjèjì, ní Tùnísíà, ni ti 1994. Ìgbà kan kò lo ilé ayé gbó. Ogun tí olúkúlùkù bá ní ìgbà tirẹ̀ ni kí a fi wọ̀n ọ́n.