Ẹni Tó Mú Pàṣán Dání Kọ́ Ni Olùdámọ̀ràn

Alága wa, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi: àgbà tó ti gbé ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀ tipẹ́ ni mí.

N kò ní pẹ́ lórí oríkì iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ní ilé-ìwé, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Olùdámọ̀ràn ni ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Olùtọ́jú ìwà a máa jókòó sínú kíláàsì, a kọ ìṣesí ọmọ sílẹ̀, a sì kọ́ ọ ní ohun mìíràn tó lè máa ṣe. Ọ̀gá ìbáwí ni ẹnì kẹta, ẹni tí gbogbo ilé-ìwé wa ní. Nínú èyí tó pọ̀ jù, òun nìkan náà la máa ń pè ní olùdámọ̀ràn bí àwọn aláyẹ̀wò bá dé. Ohun tí mo bá wá nìyí: ẹni tó mú pàṣán dání kọ́ ló yẹ ká ní kí ọmọ lọ finú hàn.

Àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ní ilé-ìwé wa ti pẹ́. Ní 1959, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe ènìyàn 20 láti ẹnu iṣẹ́ oríṣiríṣi wá bá àwọn ọmọbìnrin tó ń parí ìwé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè yàn. Nínú ọmọ 60, 54 ló ríṣẹ́. Ibẹ̀ ni a ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ní Nàìjíríà sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn kan fi ojú ibẹ̀ nìkan wo gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ìpàdé wo ni wọn kò ti bi mí pé, “Ọmọ ọdún méje, iṣẹ́ wo ló fẹ́ yàn?” Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè, 1977, gan-an dárúkọ ìwà tó wọ́ lára ọmọ ilé-ìwé mọ́ ìdí tí a fi nílò olùdámọ̀ràn, ó wá ní ilé-ìwé tó ga ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ ni kí wọ́n máa fi wọ́n sí. Ẹ gbọ́ nǹkan! Àṣé ìwà ọmọ a máa dúró de ìdánwò àṣewọlé? Àtúnṣe ìlànà náà padà dárúkọ ìdámọ̀ràn fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú ìwé. Ẹ wo ilé-ìwé tiyín bóyá ó ti débẹ̀.

Àwọn kejì tí mò ń bá fà á ni àwọn tó ń sọ pé àṣà òyìnbó ni ìdámọ̀ràn, pé agbo ilé ti ń ṣe é tipẹ́. Wọn a wá fi òwe gún mi lójú: bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Òótọ́ ni, láàárín òbí sí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà gbé agbo ilé. Bí bàbá mi bá fa bẹ́líìtì yọ, yàrá Ìyá Àgbà ni mo máa ń sá sí. Wọn a fún mi lómi mu, wọn a ní kí n jókòó, ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bi mí pé kí ni mo ṣe. N kò rí wọn mú pàṣán rí. Bàbá ń báni wí, Ìyá Àgbà ń gbọ́ tẹnu ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ ní agbo ilé ti tó, ẹ ti gbàgbé pé agbo ilé pín iṣẹ́ méjèèjì fún ènìyàn méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹta, níhìn-ín nílùú Ìbàdàn. Alágídí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ẹgba kò sì kàn án mọ́. Olùkọ́bìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ìdámọ̀ràn lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó pín ojú ìwé àjákọ sí mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tó tẹ̀ lé e. Lásìkò ìṣirò, ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́. Lásìkò eré, ó ń bu ẹ̀pà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àfi bí wọ́n bá gbé ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì jáde. Wọ́n á máa kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ìlà iwájú. Bó bá ku ọmọ méjì kó kàn án, yóò já pẹ́ńsù ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà, yóò ta á nípàá. “Jáde! Lọ kúnlẹ̀ síta!” Yóò lọ kúnlẹ̀ sábẹ́ igi fúrúùtù, ìwé kíkà yóò sì kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀la, bákan náà.

Ọmọ yìí kò lè kàwé ni. Ìyà tí wọ́n rò pé àwọn fi ń jẹ ẹ́ gan-an ló ń wá. Ẹgba kankan kò lè fi èyí hàn yín. Àfi kí ẹnì kan jókòó kó wò. Wọn kò pè é kàwé sókè mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fún un ní páálí pupa kékeré kan tó lè gbé sórí tábìlì bí ọ̀rọ̀ bá le fún un. Olùkọ́bìnrin náà sì ń bá a kàwé lásìkò eré, Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Kò di áńgẹ́lì. Ó ṣì ń jà lójú pápá. Ṣùgbọ́n ìjà inú kíláàsì dín kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.  Ọ̀rọ̀ kíláàsì tiyín ni mò ń sọ.

Mo dárúkọ Yorùbá. Láti 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, Babs Fafunwa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Stephen's 'A' fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, a ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ọmọ yẹn, èdè wo ni yóò fi sọ pé wọ́n ń lu ìyá òun nílé?

Ọ̀rọ̀ àṣírí: ohun tí ọmọ bá sọ kì í ṣe ìtàn yàrá olùkọ́. Àfi bí ewu bá wà lórí ọmọ náà tàbí ẹlòmíràn. Nígbà náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 àti òfin ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ iye: ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn ọmọ 250 fún olùdámọ̀ràn kan. N kò ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Alága ti ń wo aago. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ báyìí: ẹ yọ olùkọ́ kan kúrò nídìí pàṣán pátápátá, ẹ dín iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ kù, ẹ fún un ní yàrá tí kì í ṣe ọ́fíìsì ọ̀gá, àti àpótí oníkọ́kọ́rọ́ fún ìwé àjákọ rẹ̀. Ti owó oṣù àti ti ìjọba, ẹ bi mí nínú ìbéèrè. Mo rí i pé ọwọ́ ti wà lókè.