Eré Ìdárayá Yógà fún Aboyún àti Ìyá Ọlọ́mọ Tuntun



Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn fi ń ṣi aboyún tọ́jú. Àwọn kan a ní kí ó jókòó gẹlẹtẹ, kí ó má ṣe mira rárá. Àwọn mìíràn a sì máa di ẹrù lé e lórí títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kò sí èyí tí ó dára nínú méjèèjì. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé kí aboyún tí dókítà kò rí ìdíwọ́ lára rẹ̀ máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 5, ó di 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìrìn ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínàra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ti yógà náà sì lè ṣe àǹfààní.

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti ṣẹ̀ wá láti ayébáyé, ìtumọ̀ orúkọ náà nínú èdè àtijọ́ ibẹ̀ sì ni ìsopọ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2014 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Júùnù sọ́tọ̀ fún un. Òtítọ́ ni pé gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ẹ̀sìn àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n nínàra àti mímí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ aboyún. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó máa rìn.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdúró rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí Yorùbá tí ń pe ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Obìnrin yóò kúnlẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, yóò rọra gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, yóò sì dá a padà títí yóò fi tẹ́jú. Kí ó má jẹ́ kí ikùn wọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí a máa tu ẹ̀yìn tí ń ro aboyún lára.

Ibi tí ewu wà nìyí. Nígbà oyún, èròjà kan nínú ara a máa mú kí ohun tí ó so oríkèé pọ̀ dẹ̀. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè rí i pé ó ti ń kàn án, kí ó má ṣe jẹ́ kí èyí tan òun. Ibi tí ara rẹ̀ ń nà dé kí oyún tó dé ni kí ó dúró sí. Lẹ́yìn oṣù 3 àkọ́kọ́, kí ó yé fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ṣe ìdárayá, nítorí ilé-ọmọ lè tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì a sì kọ́ ìyá, ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ a sì dínkù. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ó fi lélẹ̀. Kí ó má forí dúró, kí ó má lọ́ ikùn, kí ó má sé èémí, kí ó má ṣe é nínú ooru. Bí ó bá ń fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ó di ògiri mú. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ geere bí ó ti ń ṣe é, ó ti pọ̀ jù.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá, tàbí tí omi ń ṣàn, tí orí ń fọ́ gidigidi, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí àyà ń dùn ún, tí ẹsẹ̀ kan wú tí ó sì ń ro ó, tàbí tí ọmọ kò mira bí ó ti ń mira, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má dúró de àgbo. Àwọn tí ibi ọmọ dí ẹnu ilé-ọmọ wọn, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn, kí wọ́n gba àṣẹ dókítà ná.

Lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀ràn kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá ń fi bò. Bí wọ́n bá wúkọ́ tàbí tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ a yọ. Ìtìjú a mú wọn, wọn kò sì ní sọ fún ọkọ, kí á má tí ì sọ ti nọ́ọ̀sì. Iṣan tí ó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé-ọmọ ró ni ó dẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe. Kí ìyá fún un pọ̀ bí ẹni tí ń mú ìtọ̀ àti ìsó mọ́ra, kí ó tú u sílẹ̀, ní ìgbà 8, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3 ó kéré tán. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, ì báà jẹ́ ìdí ọjà ni ó jókòó sí. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ìtọ̀ gidi dán an wò. Ọ̀já tí a fún mọ́ ikùn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Èyí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń ṣàn tọ̀sán-tòru láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn ìrọbí pípẹ́, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ihò ti lè lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Ìdárayá kò lè wò ó. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń dí i, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jáde nílé.

Ẹni tí ó bí wẹ́rẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ ní kété tí ara bá gbà á. Ẹni tí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ rẹ̀ jáde yóò mú sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó má gbé ohun tí ó wúwo ju ọmọ náà lọ títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná, nígbà tí ó bá sì padà fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá àkókò nínàra ti tó. Ní gbogbo àkókò yìí, baba ọmọ ni kí ó máa pọn omi.