Ọjọ́ tí Wọ́n Ta Ṣíà, àti Ẹni tó Rà Á
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní Ibo Road, Sabon Gari, Kano

Mo dúpẹ́ pé ẹ ti ìsọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ṣíà, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti búra pé ẹ ò tún fetí sí i mọ́.

Ẹjọ́ yín kọ́. Ní 2007 àti 2008, òṣìṣẹ́ báńkì ló ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá ọlọ́jà. Á fìdí lé páálí ọjà, á bá onísọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì, á ní kó buwọ́ lù ú níbí. Ọjọ́ tí títà máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà níwájú ìwé gàdàgbà. Gbogbo ojú ló wà lára ọjọ́ tó máa parí, kí ọkọ̀ má baà fi wá sílẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò yẹn ni wọ́n gbé e jáde? Ìyẹn ni kò sẹ́ni tó béèrè.

Ní oṣù keje 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ (CBN) nígbà náà, pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù ó kéré tán kí 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. Ọ̀ranyàn ni títà ìgbà yẹn. Èyí tó tẹ̀lé e ní 2007 àti 2008 ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fi tipá mú wọn. Iye ṣíà ló ń gòkè, àwọn ọ̀gá báńkì sì rí i pé àsìkò ti tó.

Ẹ̀yin náà mọ ọgbọ́n yìí. Ẹni tó ti gbọ́ lórí fóònù pé tírélà alùbọ́sà mẹ́ta ti kúrò ní Sokoto kò ní dúró dọ̀la kó tó ta tirẹ̀. Etí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni fóònù yẹn máa ń wà. Ó mọ gbèsè tó ti kú, ó mọ èrè tí kò ní wọlé. Ní 2001, Graham àti Harvey, onímọ̀ ìṣúná méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìbéèrè tí wọ́n bi ọ̀gá ìṣúná ilé-iṣẹ́ 392 jáde. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà pé àwọn máa ń wò ó bóyá ọjà ti gbé ṣíà àwọn ga jù tàbí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí àwọn tó tà. Wọn ò tilẹ̀ fi bò.

Àwọn olówó ńlá kò ṣàì mọ èyí. Bí ìkéde bá ti jáde, wọ́n á dín iye tí wọn yóò san kù, tàbí kí wọ́n ti dúnàádúrà kí títà tó délẹ̀. Nígbà tí MTN Group fẹ́ ta ṣíà MTN Nigeria mílíọ̀nù 575 ní ìparí 2021, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ bi pé èló ni wọ́n máa san. Ibẹ̀ ni ₦169 ti jáde, iye kan náà ni wọ́n sì ta á fún mẹ̀kúnnù. Mo fara mọ́ ètò yẹn, nítorí ẹni tó lágbára láti dúnàádúrà ti bá wa ná an.

Ta ló wá bá wa ná an ní 2008? Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún yẹn, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà wa lé ní 66,000. Nígbà tí 2009 fi parí, ó ti já sí nǹkan bí 20,800. Ìdáhùn, inú Kano níbí ni wọ́n ti sọ ọ́. Ní oṣù kejì 2010, Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà CBN kó tó di Ẹ́míà, sọ̀rọ̀ ní Bayero University. Ó ní ayédèrú ni púpọ̀ nínú owó tí àwọn báńkì ńláńlá kan láwọn kó jọ, pé owó tí oníbàárà fi pamọ́ ni wọ́n fi ra ṣíà ara wọn. Ó ní Afribank fi owó oníbàárà ra ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà tó gbé síta, ní ₦25 lẹ́yọ, nígbà tí ṣíà kan náà wà ní ₦11 lọ́jà. Lẹ́yìn náà ó já wá sábẹ́ ₦3.

Ẹ wò ó dáadáa. Ta ló máa san ₦25 lórí ohun tó lè rà ní ₦11, bí kì í bá ṣe owó olówó? Onísọ̀ tó fi ₦50,000 ra ṣíà rò pé àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ń rà á pẹ̀lú òun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó tí òun fúnra rẹ̀ fi pamọ́ ni àgbà ọ̀jẹ̀ náà ń ná. Ọ̀gá Afribank wà lára àwọn márùn-ún tí Sanusi lé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009. Ní 2011 ìjọba gba báńkì náà, ó di Mainstreet Bank, ìwé ṣíà Afribank sì di ìwé lásán.

Ní oṣù kẹta 2024, CBN tún pàṣẹ: ₦500 bílíọ̀nù fún báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, kí oṣù kẹta 2026 tó parí. Nígbà tí gbogbo wọn bá gbọ́dọ̀ wá owó, ọjọ́ títà kì í sọ àṣírí púpọ̀ mọ́. Ibi tí owó ti wá ló kù láti wò. GTCO, ilé-iṣẹ́ tó ni GTBank, gbé ṣíà bílíọ̀nù 9 síta ní oṣù keje 2024, ní ₦44.50 lẹ́yọ. ₦209.41 bílíọ̀nù ni wọ́n rí gbà, lọ́wọ́ àwọn tó lé ní 130,000. Àwọn kan kùn pé ó pẹ́ kí ṣíà tó tẹ àwọn lọ́wọ́. Èmi ò bá wọn kùn o: CBN ló ń tú owó náà wò. Ní oṣù keje 2025, GTCO lọ bá àwọn olówó ńlá ní London, ó sì rí $105 mílíọ̀nù. Wọ́n dúnàádúrà, ó di ₦70 lẹ́yọ. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ní 2024 sì ti rà á ní ₦44.50 ṣáájú wọn.