Ọ̀nà Èkó Ọ̀tọ̀, Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì Ọ̀tọ̀

Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa àtàtà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò, Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní ṣe ìdánwò fún yín.

Òṣogbo ni ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ tí mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èkó ni olú ilé-iṣẹ́ wà. Ní òpin oṣù kan, àwọn oníbàárà jókòó láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago méjì, àkáǹtì wọn kò ṣí. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá olùkọ́ wa kan tí wọ́n wà níwájú mi báyìí. (Sà, ẹ dákun, ẹ má dìde.) Ojú tì mí débi pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà jáde.

Kí ló fà á? Gbogbo ohun tí a bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, Èkó ló kọ́kọ́ ń lọ, nínú ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí à ń pè ní VPN. Ti àkáǹtì tọ́, nítorí Èkó ló wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìròyìn, kọ̀ǹpútà tó ń fa àtúnṣe Windows, fídíò bọ́ọ̀lù (ẹ jẹ́ ká sòótọ́), gbogbo wọn ló ń gba Èkó jáde, tí èsì sì tún ń gba ibẹ̀ padà. Àfi bí ọmọ tó fẹ́ ra búrẹ́dì lẹ́nu géètì, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kọjá. Ẹni tó ní ọ̀ràn gidi kò ní ráyè wọlé.

Ìwé RFC 1918, ti ọdún 1996, ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún lílò abẹ́lé. Àwọn tó fi 10 bẹ̀rẹ̀ wà nínú wọn, àwọn ni a sì ń lò. Mo fẹ́ sọ fún router wa pé: èyí tó bá ń lọ sí 10, gba VPN, ìyókù, 0.0.0.0/0, jáde tààrà ní Òṣogbo. Bí ọ̀nà méjì bá bá nọ́ńbà kan mu, èyí tó ṣe pàtó jù ni router ń tẹ̀lé, wọn kò lè dàrú.

Ọ̀gá wa ní Èkó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní Èkó ni ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ẹrù wò wà. Bí Òṣogbo bá ṣílẹ̀kùn tirẹ̀, ta ni yóò ṣọ́ ọ? Mo jiyàn títí, ṣùgbọ́n wọ́n jàre. Àfìgbà tí firewall tiwa dé kí n tó ṣí i.

Èmi náà tún ṣàṣìṣe. Mo gbàgbé DNS, tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà. Èkó nìkan la ṣì ń bi. Lọ́jọ́ tí VPN já, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kankan kò mọ ibi tó ń lọ. Mo wá tún un ṣe: orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n bi Èkó.

Ní òpin oṣù tó tẹ̀lé e, bàbá tún dé. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi pè wọ́n. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tí o kì í parí iṣẹ́ Matimátíìkì yìí náà?"

Ẹni tí ẹ̀ka tirẹ̀ bá ń jìyà bẹ́ẹ̀, kó lo tracert sí ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá rí i pé olú ilé-iṣẹ́ ló ń gbà kọjá, kó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ.