Ẹ Má Jẹ́ Ká Fi Ẹ̀ṣẹ̀ Ẹnìkan Bá Ẹ̀yà Kan Wí



Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ ni bí àwọn ẹ̀yà ṣe lè máa bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Mi ò ní gùn ún.

Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó kàn. Ẹ béèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ẹ̀jìgbò, ní Ìnísà. Àwọn kan ti bímọ síbẹ̀, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Ó dùn wá. Àmọ́ ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ la ti rí orúkọ báàgì Ghana-Must-Go tó wà nílé gbogbo wa. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa la ṣe fún ẹlòmíì.

Ẹ tún wo ọjà Ṣáṣà n'Ìbàdàn, ní oṣù kejì 2021. Aáwọ̀ ènìyàn díẹ̀ di ìjà Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí lọ, dúkìá jóná, wọ́n ti ọjà pa. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò òkè ọya ò kó màlúù àti oúnjẹ wá sísàlẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àlùbọ́sà wọ́n, ẹran wọ́n. Tòmátì tó yẹ kó délé wa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá jalè, orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má pe ẹ̀yà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀ sórí gúrúùpù. Ẹ pe ẹni tó wà nílé kẹ́ ẹ bi í. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí àwọn Hausa, Ìgbò àti Ẹbira tó ń bá wa gbé ní aṣojú nínú ìpàdé ọjà àti ti àdúgbò, kí wọ́n tó gbọ́ òfin tí a ṣe lé wọn lórí.

Àwọn ọmọ tiwa náà wà ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní London. Bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wọn lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ nílé.

Ìlú wa á tòrò.